Pẹtíṣọ̀n Kì í Ṣe Ẹgba

Adéọlá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun ní Èkó. Níwọ̀n bó ti jẹ́ ẹjọ́ gbèsè àti ẹjọ́ òwò lẹ ó máa ṣe, ohun kan ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn: má ṣe fi pẹtíṣọ̀n bẹ ilé-ẹjọ́ pé kó tú ilé-iṣẹ́ ká nígbà tó jẹ́ pé owó nìkan ni oníbàárà rẹ ń wá.

Mo mọ ohun tó ń fa agbẹjọ́rò síbẹ̀. Lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ọdún 1990, bí gbèsè bá ti ju 2,000 náírà lọ, tí a kọ̀wé béèrè rẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ 3 kọjá láìsí owó, òfin á gbà pé apá ilé-iṣẹ́ náà ò ká gbèsè mọ́. Òfin ọdún 2020 sọ ọ́ di 200,000 náírà, àmọ́ kí ni 200,000 náírà jẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́? Wíwọlé rọrùn jù. Ìgbà tí a bá wọlé tán ni ọ̀ràn ń bẹ̀rẹ̀. Bí adájọ́ bá pàṣẹ títúká, ọjọ́ tí pẹtíṣọ̀n wọlé ni òfin ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, dúkìá tí wọ́n bá sì tà láti ọjọ́ náà di òfo àfi bí ilé-ẹjọ́ bá fọwọ́ sí i. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń ba báńkì tó bá ti gbọ́, tí àwọn tó ń kó ọjà wá láwìn á dáwọ́ dúró. Ilé-iṣẹ́ tí ìbá san gbèsè díẹ̀díẹ̀ lè kú síbẹ̀. Bí wọ́n bá wá ń pín ohun tó kù, báńkì tó gba dúkìá ní ìdógò wà níwájú, ìnáwó títúká, àwọn owó orí kan àti owó oṣù òṣìṣẹ́ náà wà níwájú, oníbàárà rẹ tí kò gba ìdógò kankan wà lẹ́yìn.

O lè sọ pé ẹjọ́ gbèsè lásán ń pẹ́, pé ìbẹ̀rù pẹtíṣọ̀n ló ń mú olóríkunkun sanwó. Ó ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé bí ẹni tí a pè ní onígbèsè bá ní ìdí gidi láti jiyàn, pẹtíṣọ̀n kì í ṣe ohun tí a fi ń gbowó. Wọ́n á dà á nù, oníbàárà rẹ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí kò bá sí iyàn, ọ̀nà ìdájọ́ kíákíá wà ní ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀. Òfin 2020 yìí kan náà ló sì jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ lè bá àwọn tó jẹ lówó ṣe àdéhùn, tàbí kí alábòójútó dì í mú kó má bàa ṣubú.

O tún lè sọ pé ọ̀gá ló ń pinnu. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìwọ ni yóò kọ́kọ́ ka fáìlì náà. Wá ìwé tí wọ́n fi gba ọjà, wá ímeèlì tí onígbèsè fi ráhùn pé ọjà ti bàjẹ́, wo déètì rẹ̀: ṣé ṣáájú lẹ́tà ìbéèrè owó ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Kọ ohun tí o rí sí ojú ìwé kan, fi síwájú ọ̀gá rẹ kí ó tó fọwọ́ sí nǹkankan. Bí ó bá ní kẹ́ ẹ ṣì gbé e lọ, á jẹ́ pé ó mọ ohun tó ń ṣe.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ.