Aya Tàbí Ọkọ Nínú Ìdánwò Oògùn Jẹjẹrẹ: Kí Ni Ojúṣe Ẹnìkejì?

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ pé ó máa ń rọrùn fún aláìsàn jẹjẹrẹ láti tẹ̀lé ìtọ́jú rẹ̀ dé òpin bí ó bá ní ẹni tó dúró tì í nínú ilé. Nígbà tí ìtọ́jú ọ̀hún bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣì ń dán wò, ojúṣe ẹni náà tún pọ̀ sí i. Ẹ̀kọ́ yìí ṣàlàyé ohun tí ọkọ tàbí aya lè ṣe, àti ohun tí kò yẹ kí ó ṣe, kí ẹnìkejì rẹ̀ lè gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú òye.

Kí ni ìdánwò oògùn?

Kí oògùn tuntun tó di èyí tí dókítà ń kọ fún gbogbo ènìyàn, ó sábà máa ń gba ìpele mẹ́ta kọjá. Ní ìpele kìíní, ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n tí ara lè gbà láìséwu. Ní ìpele kejì, wọ́n ń wò ó bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́ lórí àrùn. Ní ìpele kẹta, wọ́n ń fi í wé ìtọ́jú tó ti wà nílẹ̀, láàárín ènìyàn púpọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí tọkọtaya mọ ìpele tí ìdánwò wà. Ẹni tó bá wọ ìpele kìíní kò gbọdọ̀ máa retí ohun tí ẹni tó wà ní ìpele kẹta lè retí.

Oògùn trastuzumab jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ó wà fún irú jẹjẹrẹ ọmú kan tí wọ́n ń pè ní HER2, èyí tó máa ń bá nǹkan bí ẹnì kan nínú obìnrin márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Títí di ọdún 1998, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, oògùn tí wọ́n ṣì ń dán wò ni. Ohun tó jẹ́ ìdánwò lánàá ló di ìtọ́jú lónìí.

Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìpele kejì kan tí wọ́n pè ní ARETTA lo trastuzumab tí a ń gún sí abẹ́ awọ itan, pẹ̀lú oògùn docetaxel, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú HER2. Abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, nígbà tí èyí tí a ń fà sínú iṣan máa ń gba ọgbọ̀n sí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tamẹ́ta ni wọ́n ń gbà á. Àwọn ilé ìwòsàn tí ìwádìí náà ti wáyé ni UCH nílùú Ìbàdàn, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, àti LUTH pẹ̀lú LASUTH ní ìlú Èkó. Yunifásítì Chicago, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé ti ń ṣiṣẹ́, kópa nínú rẹ̀.

Láti Mile 3 sí ibi ìdánwò

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé Yorùbá kan tó ń ṣòwò ní ọjà Mile 3, ní àdúgbò Diobu nílùú Port Harcourt, ṣe àpẹẹrẹ. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà nítòsí wọn. Ti Yunifásítì Port Harcourt wà ní Alakahia. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers, tí wọ́n mọ̀ sí Braithwaite tẹ́lẹ̀, wà nínú ìgboro. Ibẹ̀ ni wọ́n lè ti gba ìtọ́jú tó ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irú ìdánwò ARETTA ni, wọn yóò wọkọ̀ gba Warri, Benin àti Ọ̀rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó dé Ìbàdàn. Odindi ọjọ́ kan ni ìrìn àjò yìí lè gbà, wọn yóò sì tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́tamẹ́ta.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ọkọ ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò dúró ti ìsọ̀? Ta ni yóò mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́? Ilé mọ̀lẹ́bí wo ni aláìsàn yóò sùn sí n'Ìbàdàn? Ó dára kí a rí ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí kí a tó fọwọ́ síwèé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oògùn tí wọ́n ń dán wò máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó àyẹ̀wò mìíràn lè máà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ó yẹ kí ọkọ pe àwọn ará ilé jọ, kí ó pín iṣẹ́ fún kálukú.

Ta ló ni ìpinnu?

Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ti ọdún 2014, sọ pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìwádìí lára ènìyàn láìjẹ́ pé ẹni náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i nínú ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé ìdí ìwádìí àti ohun tó lè ṣe fún ìlera rẹ̀. Nígbà náà, ìpinnu kì í ṣe ti ọkọ, kì í ṣe ti ìyá ọkọ, kì í sì í ṣe ti dókítà.

Ìtàn kọ́ wa ní ìdí tí òfin yìí fi ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn jà ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò láàárín igba ọmọdé. Wọ́n fún ìdajì wọn ní Trovan, wọ́n sì fún ìdajì yòókù ní oògùn mìíràn. Ọmọ mọ́kànlá kú nínú ìsọ̀rí méjèèjì. Àwọn òbí sọ pé wọn kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé àwọn kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2009 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù márùndínlọ́gọ́rin dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Kano.

Nínú ilé Yorùbá, aya lè béèrè pé, “Bàbá Ìbejì, kí lẹ rí sí i?” Kì í ṣe pé kí ọkọ dákẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má pàṣẹ. Ó lè dáhùn pé, “Ìyá Ìbejì, ara rẹ ni wọn yóò gún lábẹ́rẹ́. Sọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ. Èyí tí o bá mú ni a jọ máa ṣe.” Irú ọ̀rọ̀ yìí ń fi aláìsàn lọ́kàn balẹ̀. Yóò mọ̀ pé bí òun bá kọ̀ ọ́, tàbí bí òun bá fẹ́ dá a dúró lẹ́yìn tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ilé kò ní dàrú lé òun lórí.

Ìbéèrè tó yẹ kí a béèrè

Abèèrè kì í ṣìnà. Kí tọkọtaya jọ lọ, kí ẹni tí ara rẹ̀ le máa kọ ìdáhùn sílẹ̀:

1. Ìpele wo ni ìdánwò yìí wà?
2. Ìtọ́jú wo ló wà nílẹ̀ bí a kò bá wọ inú ìdánwò?
3. Ǹjẹ́ àjọ NAFDAC àti ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìlànà ìwádìí ti fọwọ́ sí i?
4. Wàhálà wo ni oògùn yìí lè mú wá, èwo nínú rẹ̀ ló sì lè pẹ́ lára?
5. Kí ni a ó san, kí ni a kò ní í san?
6. Ta ni a lè pè ní òru?
7. Bí a bá jáde, ṣé a ó ṣì máa rí ìtọ́jú gbà?

Ẹni tó bá ní òun ní oògùn tuntun, tó ń gba owó ńlá, tí kò sì ní ìwé kankan láti fi hàn, kì í ṣe ìdánwò ni ó ń ṣe.

Ìtọ́jú nínú ilé

Docetaxel máa ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù, èyí tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná ara wà nínú ilé. Bí ìgbóná bá dé ìwọ̀n 38, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Kí a má rò pé ibà lásán ni, kí a wá lọ ra oògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù.

Trastuzumab lè sọ ọkàn di aláìlágbára. Bí aláìsàn bá ń mí gúlegúle, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, kí ẹnìkejì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ó sì pe dókítà. Kí aláìsàn má pa ọjọ́ àyẹ̀wò ọkàn jẹ. Oògùn yìí lè ṣe ọmọ inú ní ìjàǹbá, nítorí náà kí tọkọtaya yẹra fún oyún nígbà ìtọ́jú, àti fún oṣù méje lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ àgbo náà kò ṣe é fi pamọ́. Àwọn ewé kan lè dí ẹ̀dọ̀ki lọ́wọ́ láti lo oògùn bó ti yẹ, ó sì lè jẹ́ kí ewu rẹ̀ pọ̀ sí i. Bí ìyá àgbà bá gbé àgbo wá pẹ̀lú ìfẹ́, kí ọkọ dúpẹ́, kí ó sì ṣàlàyé fún un pé dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́.

Bí oògùn kò bá ṣiṣẹ́

Ìdánwò ni ìdánwò ń jẹ́. Àrùn lè má gbọ́ oògùn, dókítà sì lè ní kí aláìsàn jáde. Kí ẹnìkejì má sọ pé, “Ṣé o rí i, mo ti sọ fún ọ.” Kí ó má sì fi tipátipá mú aláìsàn lọ wá ìdánwò mìíràn kiri nítorí pé ẹ̀rù ń ba òun fúnra rẹ̀. Kí ó béèrè ìtọ́jú tó kù, títí kan èyí tí ń dín ìrora kù. UCH ní ẹ̀ka fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, tó ń ran aláìsàn àti ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹni tó ń tọ́jú náà gbọ́dọ̀ sùn, kí ó jẹun, kí ó sì ní ẹnì kan tí yóò máa sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún. Bí ó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ta ni yóò kó aya dé gáréèjì Mile 3?

Kókó ẹ̀kọ́

Aláìsàn ló ni ìpinnu. Ẹnìkejì ni etí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà pẹ̀lú rẹ̀, òun ni ọwọ́ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà ni ojú tó ń ṣọ́ ara nínú ilé. Bí ó bá ṣe mẹ́ta wọ̀nyí, ó ti ṣe ojúṣe rẹ̀, bóyá oògùn ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.