Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Boko Haram àti Ohun Tí Ojú Kaduna Rí

Badarawa wà ní Àríwá ìlú Kaduna. Kawo àti Malali kò jìnnà sí i. Hausa, Yorùbá, Íbò, Gbagyi àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń bára wọn gbé ní agbègbè yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Láàrin ọdún 2012 sí 2014, àdó olóró bú ní Malali, ó sì bú ní Kawo. Ti Malali pa àwọn tó ń jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ti Kawo pa àwọn tó wà lọ́jà nínú oṣù Ààwẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó rí ibi tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Àwọn tó ṣáájú

Boko Haram kọ́ ni ẹgbẹ́ alákatakítí àkọ́kọ́ ní Òkè Ọya. Ọkùnrin kan wà ní Kano tó ń jẹ́ Muhammadu Marwa, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Maitatsine. Cameroon ló ti wá. Ó ń wàásù pé rédíò, aago ọwọ́ àti kẹ̀kẹ́ jẹ́ èèwọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, tí wọ́n ti abúlé wá sí ìgboro, ni ó pọ̀ jù lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1980, wọ́n bá ọlọ́pàá àti ṣọ́jà jà. Marwa kú nínú ìjà náà. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ènìyàn 4,177 ló kú. Ní ọdún 1982, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tó ṣẹ́kù tún dá wàhálà sílẹ̀ ní Maiduguri àti ní Rigasa, ní Kaduna níbí.

Bí Boko Haram ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 2002, oníwàásù kan tó ń jẹ́ Mohammed Yusuf kó ọmọlẹ́yìn jọ ní Maiduguri. Àwọn ni a wá ń pè ní Boko Haram. Ó ní ẹ̀kọ́ ilé-ìwé àwọn òyìnbó kò dára fún Mùsùlùmí, iṣẹ́ ìjọba náà kò sì dára. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù takò ó ní gbangba. Ṣùgbọ́n Yusuf ń bọ́ àwọn tí ebi ń pa, ó ń yá ọ̀dọ́ lówó tí wọn yóò fi ṣòwò. Àwọn ènìyàn sì ń rí ìwà àjẹbánu àwọn olóṣèlú pẹ̀lú ojú ara wọn. Èyí ló jẹ́ kí etí wọn ṣí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2009, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọlẹ́yìn Yusuf àti àwọn agbófinró. Ṣọ́jà mú Yusuf láàyè, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Àtìmọ́lé ni wọ́n ti pa á, kò dé ilé ẹjọ́ rárá. Ìjọba rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àṣé bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Abubakar Shekau gba ipò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì le ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Bauchi, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ní ọdún 2011, wọ́n fi àdó olóró kọ lu ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Abuja.

Nígbà tó dé Kaduna

Ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹrin ọdún 2012, ni ẹnìkan wa mọ́tò tó kún fún àdó olóró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan. Wọn kò jẹ́ kó wọlé, ló bá yí padà. Àdó náà bú ní Junction Road, láàrin àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn tó jí lọ wá oúnjẹ òòjọ́ ni ikú ká mọ́ ìkóríta.

Ní oṣù Kẹfà, wọ́n kọ lu àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní Zaria àti Kaduna. Àwọn ọ̀dọ́ kan bá jáde láti gbẹ̀san, wọ́n pa àwọn Mùsùlùmí tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, ó kan ṣọ́ọ̀ṣì St. Rita ní Malali.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Keje ọdún 2014 ni ti Kawo. Lọ́jọ́ náà, wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ pa Sheikh Dahiru Bauchi nítòsí Murtala Square. Lẹ́yìn ìyẹn, àdó mìíràn bú ní Kawo bí Muhammadu Buhari ṣe ń kọjá. Àwọn méjèèjì yè é. Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nítòsí ni ó kú.

Ohun mìíràn tó tún ṣẹlẹ̀

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, Boko Haram jí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 276 gbé ní Chibok. Ẹgbẹ́ náà sì pín. Ọ̀kan nínú àwọn tó yapa, ISWAP, ni ó ká Shekau mọ́ igbó Sambisa ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ibẹ̀ ló kú sí. Òmíràn, Ansaru, fi igbó Birnin Gwari ní ìpínlẹ̀ Kaduna ṣe ibùba. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn ri àdó olóró mọ́ ojú irin ní Katari. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna dúró, wọ́n yí i ká. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì jí ọ̀pọ̀ gbé. Oṣù Kẹwàá ni àwọn tó kẹ́yìn tó gba òmìnira.

Ní Àríwá Ìlà-Oòrùn nìkan, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 350,000 ènìyàn ni ogun yìí ti pa títí di òpin ọdún 2020. Ọta ìbọn kọ́ ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bí kò ṣe ebi àti àìsàn, àwọn ọmọ kéékèèké ló sì pọ̀ jù. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tó sá kúrò nílé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló mú kí àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀lé Mohammed Yusuf?
2. Kí ló yẹ kí ìjọba ṣe sí i lẹ́yìn tí wọ́n mú un?
3. Àwọn wo ni ẹ̀san oṣù Kẹfà ọdún 2012 pa? Ṣé àwọn ni wọ́n ju àdó olóró?

Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín ohun tí oníwàásù kọ́ ọ. Bí ẹ bá rí ohun tó ń kọ yín lóminú ládùúgbò, ẹ tètè sọ fún mai-unguwa (olórí àdúgbò) àti ọlọ́pàá. Bí ibi bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe gbẹ̀san lára aládùúgbò yín nítorí orúkọ tó ń jẹ́ tàbí ibi tó ti ń kírun.