Bí Ọ́fíìsì Kílíníìkì Ìfun Kò Bá Gbé Fóònù

Ìbéèrè: Kí ni ẹni tó ní àrùn Crohn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe bí ọ́fíìsì kílíníìkì kò bá dáhùn, tí ọjọ́ oògùn sì ń kọjá lọ?

Ìdáhùn: Àrùn Crohn àti ulcerative colitis, àrùn ìfun méjèèjì, kì í tán lára, wọ́n a rọlẹ̀, wọ́n a tún ru sókè. Ìdí nìyí tí ìdádúró ọ́fíìsì fi ń di ìpalára. Lẹ́yìn ìwọ̀n mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n sábà máa ń fa oògùn infliximab sí aláìsàn lára. Bó bá pẹ́ jù, ara lè gbógun ti oògùn náà fúnra rẹ̀.

Akọ̀wé ọ́fíìsì náà ló ń ṣètò ọjọ́, kì í ṣe òun ló ń dá àìsàn mọ̀, kò sì tọ́ kí wọ́n jágbe mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba (NHS) ní nọ́ọ̀sì àrùn ìfun tó ní nọ́ńbà fóònù tirẹ̀. Ẹni tó bá fi ohùn sílẹ̀ fún un, kó dárúkọ, kó sọ ọjọ́ ìbí, iye ìgbà tó ń yàgbẹ́ lójúmọ́, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tó gba oògùn kẹ́yìn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì lè fi ṣèpinnu. Bí èsì kò bá wá, PALS, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn aláìsàn nílé ìwòsàn, ló kàn.

Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ibà, tàbí ikùn tó wú tó sì le kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù rárá: ẹ̀ka pàjáwìrì ni kí aláìsàn gbà lọ lójú ẹsẹ̀.