Bí Àṣẹ Mẹ́ta Ṣe Lè Jọ Ṣiṣẹ́ Lẹ́ẹ̀kan Náà, Tí Èsì Wọn Ò Ní Dà Rú

Mò ń bójú tó sáìtì oníbàárà mẹ́ta: ọ̀kan ní Ìkòtún, ọ̀kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀kan ní Ìgàndó. Mo kọ script Bash kan, yewo.sh, tó ń yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba bíi ìṣẹ́jú-àáyá 10. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gba 30. Ni mo bá fi àmì & sí ìdí àṣẹ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, mo da èsì wọn sínú fáìlì kan ṣoṣo.

Wàhálà dé! Èyí tó bá kọ́kọ́ parí ló ń kọ́kọ́ kọ èsì. Èmi ṣe bí ìlà àkọ́kọ́ ni ti Ìkòtún. Mo pe bàbá tó ni ín pé sáìtì wọn ò ṣí mọ́. Àṣé ti Ìgàndó ni! Ojú tì mí gan-an.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé:

./yewo.sh ikotun > ikotun.txt 2>&1 &
./yewo.sh egbeda > egbeda.txt 2>&1 &
./yewo.sh igando > igando.txt 2>&1 &
wait
cat ikotun.txt egbeda.txt igando.txt

Àmì & ń sọ fún Bash pé kó má dúró. > ń gbé èsì sínú fáìlì tirẹ̀; 2>&1 ń kó ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà síbẹ̀. wait ní kí gbogbo wọn parí ná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ cat lè ka fáìlì tí kò tíì kún.

Ẹ má kọ esi=$(./yewo.sh ikotun) & o! Èsì náà ò ní padà sọ́dọ̀ yín.

Ìyá olóúnjẹ lè dáná mẹ́ta pọ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìkòkò tirẹ̀.