Abẹ́rẹ́ Ẹ̀rẹ̀kẹ́: Ìtọ́jú Ni Tàbí Àṣejù?

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ojú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti jìn wọnú lè kún padà.

Kí ló ń fà á? Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ, ọ̀rá abẹ́ awọ ojú a máa dínkù. Oògùn náà lè fà á. Stavudine, ọ̀kan nínú àwọn oògùn HIV àtijọ́, mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀pọ̀ aláìsàn jìn, débi pé ojú wọn ń tú àṣírí wọn. Ní 2004, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí oògùn fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ Sculptra fún irú wọn. Ó ń mú kí awọ fúnra rẹ̀ nípọn díẹ̀díẹ̀. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àwọn orílẹ̀-èdè máa fi stavudine sílẹ̀.

Kí ni ẹ̀sìn wí? Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣẹ́bi lé àwọn obìnrin tó ń la eyín nítorí ẹwà, tí wọ́n ń yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Ṣùgbọ́n Arfajah bin As'ad, tí imú rẹ̀ gé lójú ogun Kulab, fi fàdákà ṣe òmíràn. Nígbà tó ń rùn, Ànábì kan náà ló ní kó fi wúrà ṣe é. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ya àtúnṣe ohun tí àìsàn tàbí ìjàǹbá bàjẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára wíwá ẹwà lásán. Ẹni tí oògùn ba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń sá fún ogbó. Kí a má ṣe da ìdájọ́ àwọn méjèèjì pọ̀.

Kí ẹni tó bá fẹ́ gbà á bèèrè ohun mẹ́ta:

1. Kí ló wà nínú rẹ̀? Wọ́n ti fi èròjà láti ara màlúù ṣe irú abẹ́rẹ́ yìí rí, wọ́n sì ti fi ti ara ẹlẹ́dẹ̀ ṣe é. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, hyaluronic acid, inú ogbe àkùkọ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bakitéríà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ báyìí.

2. Ṣé ó ṣeé yọ kúrò? Hyaluronic acid sábà máa ń lo oṣù 6 sí 18, oògùn sì wà tó ń yọ́ ọ bí wàhálà bá dé. Sílíkóònù olómi kì í kúrò lára, ó sì lè rìn lọ síbòmíràn.

3. Ta ló ń gún un? Bí oògùn náà bá ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, awọ lè kú, ènìyàn sì lè fọ́jú. Iṣẹ́ dókítà tó ní ìwé àṣẹ, tó sì kọ́ ọ ni, kì í ṣe ti ilé onídìrí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ka èyí sí etí àwọn ọmọ wa. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.