Kọ̀ǹpútà Tí Kò Ní Dójú Ti Akọrin: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Tí Ń Ṣí Stúdíò Sílé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sọ yàrá kan nínú ilé di stúdíò, ní Ògbàgì wa níbí, ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà àti láyìíká yunifásítì tó wà ní Àkùngbá, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń gbé wá bá mi: "Bàbá, kọ̀ǹpútà wo ni ká rà?" Èmi náà á bi yín pé, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè kọ́ ni wọ́n fi ń ro ìdí ẹ̀gẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe kì í fi owó ra orúkọ.

Àǹfààní yín pọ̀ o. Nígbà tí Haruna Ishola, olórin àpàlà, dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn 24 sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló kó síbẹ̀, ohun ńlá gbáà sì ni láyé ìgbà náà. Lónìí, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó mọ́yán lórí lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ láptọ́ọ̀pù kan náà lè dédé dákẹ́ nígbà tí akọrin wà lórí ìlà tó dùn jù. Ìyẹn la fẹ́ sá fún.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ wa pín sí. Bó bá jẹ́ bíìtì lẹ ń ṣe lórí FL Studio, tí ìlù, gìtá àti dùùrù gbogbo ń ti inú kọ̀ǹpútà jáde, processor àti RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ kọ́yà ìjọ, onídùndún àti oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ fẹ́ máa gbà sílẹ̀, àyè tí ẹ ó kó iṣẹ́ sí àti ariwo tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń pa ló ṣe kókó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Máíìkì kan, bí ẹ bá gbà á ní 48 kHz àti 24-bit, ń jẹ nǹkan bí 8.6 MB ní ìṣẹ́jú kan. Máíìkì mẹ́jọ fún orin ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti sún mọ́ 700 MB, ta ni ó sì kọ orin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó pé? Nítorí náà, SSD ni kí ẹ rà, 512 GB ó kéré tán, kí ẹ sì ní hard disk mìíràn lọ́tọ̀ tí ẹ ó máa da iṣẹ́ tó ti parí sí.

Ọ̀rọ̀ processor ni wọ́n ti ń rẹ́ yín jẹ. Ọlọ́jà á pariwo pé "i7 rèé!", ojú yín á sì wọ̀ ọ́. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Nínú i7-4600U, 4 tó ṣíwájú yẹn túmọ̀ sí ìran kẹrin, ohun tí wọ́n ń pè ní 4th gen lọ́jà. Nínú i5-8350U, ìran kẹjọ ni. Orí (core) méjì péré ni i7 àtijọ́ yẹn ní, i5 yìí ní mẹ́rin, yóò sì na ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú iṣẹ́ orin láìlàágùn. Bí nọ́ńbà bá di márùn-ún, bíi i5-10210U, méjì àkọ́kọ́ lẹ ó kà: ìran kẹwàá nìyẹn. Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi ń sọ pé ìran kẹjọ sókè: Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 kò sì gba Intel tó kéré sí ìran kẹjọ tọwọ́tẹsẹ̀. Lẹ́tà ìparí náà ní ìtumọ̀: U kì í jẹ iná púpọ̀, H ń gbé ẹrù wúwo, ṣùgbọ́n ó máa ń gbóná, fáànù rẹ̀ a sì máa pariwo.

RAM 16 GB ni kí ẹ lé. Ẹni tí owó rẹ̀ bá mọ sí 8 GB, kó rí i dájú pé ẹ̀rọ náà ní àyè tí wọ́n lè fi kún un lọ́la. MacBook Air M1 tó jáde ní 2020 kò ní fáànù rárá, ìyẹn wúlò púpọ̀ níbi tí máíìkì wà, àmọ́ RAM tí ẹ bá bá lára rẹ̀ lẹ ó lò títí.

Ẹ̀yin náà mọ ìṣòro iná àdúgbò wa, òun ni mo fi ń sọ pé láptọ́ọ̀pù ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rà. Bí wọ́n bá mú iná lọ, bátìrì á gbé iṣẹ́ yín dúró. Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà alájókòó láìra UPS ti fi iṣẹ́ oníbàárà ta tẹ́tẹ́. Ìdí mìíràn tún wà: ẹ ò lè tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn fèrèsé kí ẹ máa gba ohùn. Ẹ tan án kí bátìrì kún, ẹ pa á, kí ẹ wá gba ohùn. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo hùn-ùn nínú hẹ́dífóònù, ẹ yọ ṣájà kúrò ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣájà ló ń fà á. Àmọ́ ẹ ṣí Settings kí ẹ yí agbára sí "Best performance", nítorí Windows máa ń dín iyára kù bó bá ti wà lórí bátìrì.

Nínú sọ́fíwíà orin yín, ẹ kíyè sí buffer, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde. Bó bá wà ní 1024, ohùn akọrin á pẹ́ tó ìdá 21 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé etí rẹ̀, á máa gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, ẹsẹ̀ orin á sì yẹ̀. Ẹ fà á wálẹ̀ sí 128 nígbà tí ẹ bá ń gbà á sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe mixing, ẹ gbé e padà sókè. Kọ̀ǹpútà tí ohùn bá ń já tátá ní 128 nígbà tí iṣẹ́ kò tíì pọ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ibi ìdánwò wá dé. Bóyá Ìkàrẹ́ lẹ ti ń rà á tàbí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ mú hẹ́dífóònù, sound card àti iṣẹ́ yín kan dání lórí flash. Ẹ ṣí i, kí ẹ jẹ́ kó máa kọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ fi etí sí fáànù. Ẹ ki sound card bọ gbogbo ojú USB rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt, yóò fi hàn yín bí bátìrì ti gbó tó. Ọlọ́jà tí kò bá jẹ́ kí ẹ dán an wò ti dáhùn ìbéèrè yín.

Ẹ má sì kó gbogbo owó lé kọ̀ǹpútà lórí. Máíìkì, sound card àti aṣọ tó nípọn lára ògiri ń retí ti wọn. Sọ́fíwíà tí wọ́n jí gbé máa ń kó fáírọ́ọ̀sì wọlé. Ẹ lo ojúlówó: ẹni tó bá ra FL Studio lẹ́ẹ̀kan kò tún ní sanwó àtúnṣe mọ́ láéláé, Reaper, sọ́fíwíà orin mìíràn, sì ń fúnni ní ọgọ́ta ọjọ́ láti dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ kọ èyí sínú ìwé kí ẹ tó lọ sọ́jà: ìran kẹjọ sókè, RAM 16 GB, SSD 512 GB, bátìrì tó lè gbé wákàtí méjì. Bí ọlọ́jà bá ní èyí tó kéré sí i ló dára jù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.