Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Bí Òdòdó Ìkòkò Tuntun ní Chikaji

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwọ àbúrò mi tí o ń gbin òdòdó ní Chikaji, ní ìlú Zaria, tí o sì ní in lọ́kàn láti mú irú chrysanthemum tuntun jáde fún inú ìkòkò, òwe yìí ni kí o fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ. Nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn a kọ́kọ́ máa lépa àwọ̀ tí ń dán, wọn a wá máa wá ìkòkò fún un nígbà tí ó bá tanná tán, wọn a sì rí i pé ohun tí àwọn fi wàhálà bí ti ga jù, ó ń wó lulẹ̀, kò sì sí oníbàárà tí yóò yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìkòkò ni kí o kọ́kọ́ yàn. Bí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, òdòdó tí yóò gbé inú rẹ̀ kò yẹ kí ó ga ju ìlọ́po méjì ìkòkò náà lọ. Láti ìdí ni kí ó ti máa pẹ̀ka, kí ewé rẹ̀ sì bo etí ìkòkò yíká.

Òdòdó yìí kì í ṣe àjèjì sí wa tán pátápátá, nítorí ìdílé kan náà ni òun àti ewúro ti wá, àti imí-eṣú tí ń hù lẹ́bàá ọ̀nà. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, kí ó tó di àmì ìdílé ọba ní ilẹ̀ Japan. Ní ọdún 1846, Robert Fortune, ọmọ ilẹ̀ Scotland, kó oríṣi kan láti erékùṣù Chusan wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Òdòdó rẹ̀ kéré, àwọn ará ibẹ̀ kò sì kà á sí, ṣùgbọ́n àwọn Faransé tẹ́wọ́ gbà á, wọ́n sì ti ara rẹ̀ bí àwọn olórí rìbìtì-rìbìtì tí gbogbo ayé wá fẹ́ràn. Nítorí náà, má ṣe fi ojú tín-ín-rín wo èyí tí ó bá kéré.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ojú ọjọ́ Zaria ni kí o bí ọmọ fún, kì í ṣe ti Netherlands. Láti ọdún 1920, tí Garner àti Allard ti sọ àbájáde ìwádìí wọn ní Amẹ́ríkà, ni a ti mọ̀ pé àwọn ewéko kan ń wo gígùn ọ̀sán àti òru kí wọ́n tó rudi. Chrysanthemum wà nínú àwọn tí ń dúró de òru gígùn. Bí ojúmọmọ bá ti dín sí nǹkan bí wákàtí 13 àti ààbọ̀, ìrudi dé nìyẹn. Ní Zaria, ojúmọmọ oṣù kẹfà pàápàá kò pé wákàtí 13, ti oṣù kejìlá sì jẹ́ nǹkan bí wákàtí 11 àti ààbọ̀, èyí tí ó já sí pé láti ọjọ́ tí o bá ti gbin ẹ̀ka kan ni ó ti ń múra àtirudi, yálà ó ti dàgbà tàbí kò tíì dàgbà. Àfi kí o máa tan iná kékeré sí i láti agogo mẹ́wàá alẹ́ títí di agogo méjì òru, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí òru lè pín sí méjì fún un. Àwọn ìyá tí o ń gé ẹ̀ka lára wọn kò gbọdọ̀ wà láìsí iná yìí rárá. Má sì gbójú lé iná ìjọba. Àtùpà tí ń gba agbára lára oòrùn ni kí o rà.

Ìgbà ọyẹ́ ni ó dára jù láti so akọ pọ̀ mọ́ abo: ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ, a-la-ètè-ọba-bí-ó-ti-ń-la-ètè-ìwọ̀fà, nítorí nígbà òjò, omi a máa dúró sínú orí òdòdó, kóró a sì jẹrà kí ó tó gbó. Ohun tí ojú rí bí òdòdó kan ṣoṣo, àgbájọ òdòdó wínníwínní ni. Àwọn ti etí, tí ewé wọn gùn tí ó sì ní àwọ̀, abo nìkan ni wọ́n, àwọn ti àárín sì ní akọ, wọ́n ní abo. Yan ìyá tí ó kúrú tí ó sì ń pẹ̀ka dáadáa. Fi àlùmọ́gàjí gé ewé àwọn ti etí kù díẹ̀ sí ìdí, kí o sì máa bẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ títí ahọ́n abo yóò fi yọ, tí orí rẹ̀ yóò sì là sí méjì. Nígbà náà, ní ìyálẹ̀ta, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gba lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè lára èyí tí o fi ṣe bàbá, kí o fi kàn án jẹ́jẹ́, kí o fi àpò bébà bò ó, kí o sì so orúkọ bàbá àti ìyá mọ́ ọn lọ́rùn. Òdòdó yìí kì í sábà gba akọ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kì í ti í fẹ́ ọmọ ìyá ẹni. Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ orúkọ náà, nítorí oòrùn a máa pa yíǹkì rẹ́.

Nígbà tí kóró bá gbó, tí o gbìn ín, tí ó sì hù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Àwọn ọmọ náà kò ní jọra, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní tó bàbá, kò ní tó ìyá. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: kó wọn dànù. Èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn, dà á nù. Èyí tí ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń pọ́n kí ó tó tanná, dà á nù. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú lọ́jọ́ kìíní, tí ooru sì sọ ọ́ di funfun kí ọ̀sẹ̀ tó yí, dà á nù, bí ó tilẹ̀ dùn ọ́. Àánú ni ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ju kòkòrò lọ. Díẹ̀ tí ó bá kù, gé ẹ̀ka wọn, kí o sì gbìn wọ́n nígbà ọyẹ́, nígbà òjò, àti ní pàtàkì nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin, nítorí èyí tí ó tanná ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nínú ọyẹ́ lè dúró gbagidi nínú ooru, tí ìrudi rẹ̀ kò ní là. Nínú ooru yìí kan náà ni àwọn kòkòrò pupa wínníwínní ń ta òwú sábẹ́ ewé. Yí ewé náà wò, kí o sì mọ èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù.

Bí o bá ní sùúrù yìí ti pọ̀ jù, Samaru kò jìnnà sí Chikaji, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í sì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Láti ọdún 1922 ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ohun ọ̀gbìn níbẹ̀, ilé ìwádìí náà sì di ara Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1962. Òdòdó kọ́ ni wọ́n gbajúmọ̀ sí. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọkà bàbà ni, wọ́n sì fi orúkọ Samaru sórí àwọn ọmọ wọn: SAMPEA, SAMNUT, SAMSORG. Ẹ̀wà SAMPEA 20-T, tí kòkòrò tí ń lu pódi ẹ̀wà kò lè ṣe ní ibi, ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán irú rẹ̀ wò nínú oko tí a sé mọ́, ó di 2019 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ó sì di 2021 kí wọ́n tó gbé e lé àgbẹ̀ lọ́wọ́. Àríyànjiyàn wà lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni fa ìyẹn níhìn-ín. Iye ọdún tí wọ́n fi dán an wò lójú oko ni mo fẹ́ kí o rí.

Bí ọ̀kan bá wá yege, ẹ̀ka ni a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí kóró kò ní bí i bó ṣe rí. Gé orí ẹ̀ka tí kò tíì rudi, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, kí o gbìn ín sínú yanrìn fífọ̀ lábẹ́ láílọ́ọ̀nù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kí ó ti ta gbòǹgbò. Nígbà tí ó bá dúró nínú ìkòkò, já orí rẹ̀ kí ó lè pẹ̀ka. Pín àwọn ìyá sí ọ̀nà méjì, kí apá kan wà níbòmíràn tí àrùn tàbí olè kò fi ní kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti ọdún 2021 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tí ń dáàbò bo ẹni tí ó bá bí irúgbìn tuntun, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ irúgbìn ní Àbújá sì ni ó ń mójú tó o. Lọ bá wọn kí o tó tà á, kí o sì tó gé ẹ̀ka kan ṣoṣo fún aládùúgbò tí ó bá ń yìn ín, nítorí ẹ̀ka kan náà ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọgbà tirẹ̀.